Bí Mo Ṣe Pa Àbúrò Bàbá Mi Sínú Ìwé

Nígbà tí mo gba oyè dókítà dé láti òkè òkun, àwọn ìyá àgbà Ìlárá ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán. Ọ̀kan fi ọwọ́ ti ìbàdí, ọ̀kan ń wúkọ́, ọ̀kan sì na orúnkún rẹ̀ tó wú síwájú mi bí ẹni pàtẹ ọjà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ òótọ́ fún wọn: mi ò ní abẹ́rẹ́, mi ò ní oògùn, ìtàn ni mo lọ kọ́.

"Ìtàn wo?" ni olórúnkún bèèrè.

"Èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ni, mà. Ìtàn àròsọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àwa obìnrin nínú rẹ̀ ni mo ṣe ìwádìí lé lórí."

Ó wò mí títí. "Àlọ́?"

"Ó jọ ọ́, mà."

"Wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé ọ lọ sílùú òyìnbó kí wọ́n lè pa àlọ́ fún ọ?" Ó yíjú sí ìyá mi. "Ṣé àlọ́ ti tán lẹ́nu tìẹ ni?"

Ìyá mi, tó ti fi oyè náà yangàn káàkiri Ìlárá kó tó di pé mo gbà á, wọ yàrá lọ láti lọ wá ohun tí kò sọnù.

Mo rí iṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ṣágámù. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba ni nígbà náà, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa tò sórí ìlà, wọ́n sì ń fi kòbókò kọ́ àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò. Ọkọ̀ ìjàpá kan ni mo fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí títì láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ọkọ tí mo fẹ́ kí n tó rìnrìn-àjò ti fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí mo wà ní orí kẹta ìwé ìwádìí mi. Orí kẹta náà dára gan-an ni. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìn ín. Ilé bàbá mi ni mo padà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àbúrò bàbá mi tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọ̀gá.

Ọ̀gá ti jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dé orúnkún. Bí o bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà" nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n, á ní kí o padà sẹ́yìn, kí o tún ìkíni náà kí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àlùfáà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, Ọ̀gá á wúkọ́ níbi tó jókòó sí, àlùfáà á sì tún un sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ni mo ń pè ní Màmá. Obì ló ń tà. Bó o bá wọ ilé wọn, òórùn obì tútù àti ewé tí wọ́n fi bò ó ló máa kọ́kọ́ kí ọ. Ọmọdé ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Nítorí pé aya ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ó sọ mí ní Eyínfúnjowó. Eyín mi ò funfun. Orúkọ náà ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, bí ìwé ìròyìn Yorùbá bá ti Ṣágámù dé, Ọ̀gá á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi awò rẹ̀ sójú, àwọn aládùúgbò á sì kó ara wọn jọ. Á ka ti epo bẹntiróòlù tó wọ́n, á ka ti òjò tó ba oko jẹ́, á wá dẹ́kun díẹ̀, á gbé ohùn sókè: "Ìjọba ológun pàṣẹ..." Láyé ìgbà náà, òfin ń jáde bí ekòló lẹ́yìn òjò, kò sí èyí tí èèyàn ò lè gbà gbọ́. Ìjọba pàṣẹ pé obìnrin tí ọkọ bá ń bá wí kò gbọdọ̀ fèsì lẹ́ẹ̀mejì. Ìjọba pàṣẹ pé kí ìyàwó ti kúrò lọ́jà kí oòrùn tó wọ̀. Ìjọba tilẹ̀ pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan pé ìfun ẹran ò dára fún ara obìnrin, kí wọ́n máa bù ú fún baálé. Àwọn ọkùnrin á mi orí. Àwọn obìnrin á ní, "Àwọn sójà yìí mà le o."

Èmi náà ń gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa. Mo gba ti ìfun ẹran gbọ́. Ẹ má bi mí léèrè oyè mi.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo ní kí àwọn obìnrin ìlú wá bá mi ní yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo pè ní ìfobìnrinlágbára, ọ̀rọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ̀dá. Mo sọ ọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo parí, alágbàpo kan, obìnrin tó ń ra epo pupa tà, tó ti Akàkà wá, nawọ́ sókè.

"Dókítà, ṣé kí a tó jẹun ni wọ́n ń mu ún ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àlùfáà fi yọjú lójú fèrèsé. Alágbàpo ní kí n má bínú, pé orúkọ náà jọ ti oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Kọ́ wa ní ìwé kíkà. Bá a bá ti lè kà á, àwa fúnra wa á mọ ohun tá a máa fi agbára ṣe."

Bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìjà àkọ́kọ́ tí a jà, lórí èdè ni. Mo kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, wọ́n kà á pọ̀, ìyá kan sì fajú ro. Ó ní àwọn kì í sọ ọ́ báyìí ní Rẹ́mọ. Mo ní bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, pé bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ ọ́ ni.

"Ṣé àwọn ló ni ìwé ni?"

Mo ní wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìlárá, ó sì dúró lórí ẹ̀.

Màmá ò wá pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́. Nígbà tó yọjú, ó ní oúnjẹ lòun gbé wá fún mi. Ó jókòó sẹ́yìn títí a fi ṣe tán. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé oúnjẹ wá. Nígbà tó yá, ó ń wá láìgbé oúnjẹ. Mo bi í léèrè bó ṣe jẹ́ pé olùkọ́ tó kọ́ ìdajì Rẹ́mọ ní a-b-d ò kọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ó kọ́ mi," ló wí. "Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé rẹ̀. Mo ṣi ọ̀kan kà, ó fi rúlà gbá mi lọ́wọ́. Mo gba rúlà náà, mo sọ ọ́ sínú kànga. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ parí sí. Ó wá ń sọ kiri pé orí mi ò gba ìwé."

Orí rẹ̀ gbà á ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ka páálí ọṣẹ, ó ka àkọlé ara ọkọ̀ akẹ́rù, ó ka ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọ̀gá rò pé ìpàdé àdúrà ló ń lọ. Bí ìwé ìròyìn bá ti di ti àná, Màmá ló ń kó o lọ sí ilé obì rẹ̀ láti fi tẹ́ inú agbọ̀n. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Eyínfúnjowó, òfin tí Ọ̀gá kà lánàá, mo wá a."

"Òfin wo, mà?"

"Èyí tó ní kí ìyàwó máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ kó tó lọ kí ọ̀rẹ́. Mo wá a lójú ìwé gbogbo. Mo wá a dé ibi tí wọ́n ti ń polówó ìpara. Kò sí níbẹ̀." Ó gbá mi lọ́wọ́ mú pẹ́ẹ́. "Mo wá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà. Kò sí níbẹ̀. Ọkọ mi nìjọba!"

Inú bí mi. Mo ní kó jẹ́ ká lọ bá a lójú ẹsẹ̀. Ó mi orí.

"Rárá. Jẹ́ kó máa kà á ná. Mo ṣì ń gbádùn ẹ̀."

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, ọ̀fìnkìn ló fà á. Ọ̀gá lùgbàdì rẹ̀, ohùn rẹ̀ há, ó sì sọ fún àwọn aládùúgbò pé kò ní sí kíkà lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ti ń dìde. Màmá nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó mú ìwé ìròyìn lórí tábìlì.

"Ẹ jókòó. Màá kà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. Màmá ṣí ìwé náà, ó fi ìka tẹ àkọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀gún nínú ẹja. Ẹ̀rín dákẹ́. Ó ka ti afárá kan tó já. Ó ka ti àwọn tí wọ́n mú níbi tí wọ́n ti ń tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Èmi tí mo dúró lẹ́bàá ògiri, omi ti wà lójú mi, mo sì ń ṣe bíi pé èéfín ni. Ọ̀gá la ẹnu, kò pa á dé.

Màmá dẹ́kun díẹ̀. Ó gbé ohùn sókè.

"Ìjọba ológun pàṣẹ pé, láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, gbogbo ọkùnrin tó bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò máa rin ewùrà tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi ro ìkọ́kọrẹ́. Àwọn sójà yóò máa yẹ ọwọ́ wò láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yún un, kí ó múra sílẹ̀."

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá wo ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé ó kan Ìlárá náà?"

"Gbogbo Rẹ́mọ ni," ni Màmá dáhùn, ó tún bojú wo ìwé. "Wọ́n ní láti Ògìjò títí dé Akàkà."

Ohùn Ọ̀gá dé wàyí. "Níbo ló wà? Fi hàn mí! Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Màmá ò gbójú sókè. "Ibi tí tiyín máa ń wà náà ni, sà."

Ìyàwó ọlọ́pàá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, Màmá ló ń ka ìròyìn. Èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé tó bá ka ti olè, á ṣe ohùn olè. Ọ̀gá ń jókòó sí ẹ̀yìn fèrèsé nínú ilé. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, a máa ń gbọ́ ikọ́.

Èmi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa kọ láti ìgbà tí mo ti dé, ṣé kí n wá fi ìyẹn sílẹ̀? Mo jókòó ti tápáráítà ní gbogbo àsìkò òjò. Ẹ̀rọ náà ò ní àmì Yorùbá, ọwọ́ ni mo fi ń kọ gbogbo àmì náà sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ṣágámù bi mí léèrè ohun tó dé tí odidi dókítà ń kọ ìwé ìtàn lédè tí ìyá ẹ̀ ń sọ. Mo ní torí kí ìyá mi lè mọ̀ bí mo bá bú u ni.

Nínú ìwé náà, ọkọ kan wà tó ń ka òfin tí kò sí. Mo fi ìhanrun ẹlòmíràn kún un, mo fi ahun ẹnìkejì kún un, mo sì fi díẹ̀ kún un lára ọkọ tèmi, torí orí kẹta yẹn. Atẹ̀wé tó wà ní Ìbàdàn ní ó yẹ kí ìkà jìyà kí ìwé tó parí. N kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí pẹ́. Mo fi egungun ẹja há a lọ́fun ní orí ìkẹyìn, níbi tó ti ń ka òfin lọ́wọ́.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ó rin ilẹ̀ Rẹ́mọ kánkán ju bí mo ṣe rò lọ. Ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá bá bàbá mi, ó ní mo fi òun ṣẹ̀sín. Akọ̀wé rélùwéè kan tó ti fẹ̀yìn tì ti Ìpẹ̀rú wá, ó ní òun ni mo kọ, pé ìyàwó òun ti ń fi ìwé náà rọrí. Mi ò mọ akọ̀wé náà rí láyé mi. Ìgbà náà ló yé mi pé ìjọba tó wà ní Rẹ́mọ ju ọ̀kan lọ.

Ọ̀gá ní kí wọ́n pe ìpàdé ẹbí. A ṣe é ní pálọ̀ bàbá mi lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Àìkú: bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí, Ọ̀gá, Màmá, àti èmi lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá mú ìwé mi jáde. Ó ti fi yíǹkì pupa sàmì sí gbogbo ojú ìwé. Níbi tí atẹ̀wé ti gbàgbé àmì ohùn, ó ti fi sí i. Ní abẹ́ ìlà ìkẹyìn, ó kọ ọ́ pé: *Ó gbìyànjú. Kí ó múra sí i.*

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún bàbá mi, "ọmọ yín pa mí."

"Ẹ̀yin kọ́, sà," ni mo wí. "Ẹnì kan tí mo rò lọ́kàn ni."

"Egungun ẹja! Èmi tí n kì í jẹ ẹja!"

Bàbá mi ń wo àjà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa á. "Àbúrò, ṣe sùúrù díẹ̀, kó o gbọ́ tàwọn tó kù. Ọ̀gbẹ́ni onídùùrù wá síbí, òun náà ní òun ni. Akọ̀wé Ìpẹ̀rú náà ní òun ni."

"Onídùùrù?" Ọ̀gá dìde dúró. "Kí ni onídùùrù mọ̀ nípa òfin? Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀!"

Ọ̀gá gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀.

Màmá wá sọ̀rọ̀ wàyí, ohùn rẹ̀ ò sì ga.

"Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn ní Akàkà, ẹ kà á fún mi pé ìjọba ti ti ọ̀nà, pé àrùn wà lọ́nà ibẹ̀. Mo jókòó sílé. Mo ń gbàdúrà fún ìjọba kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá mi ti dìde, ó ń bó obì. Ó wò mí. Ó ní, 'O dé? Mo rò pé o ti kú ni.' Kò bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn títí mo fi padà."

Mo ti kọ́ Màmá ní ìwé, mo ti jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo ti kọ odidi ìwé lé e lórí. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó sì hàn gbangba pé Ọ̀gá náà ò gbọ́ ọ rí. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ọ̀nà náà ò dí," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ilé máa ń tóbi jù tí o ò bá sí níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó o wà nílé ni."

"Ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wo fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Màmá ò sunkún, kò sì dárí jì í lójú wa níbẹ̀. Bóyá ó ṣe é nígbà tó yá, bóyá kò ṣe é, ilé wọn nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Akàkà, kò sì sọ ọjọ́ tó máa dé. Ọ̀gá wá ń jẹun nílé wa, ó ń ṣe àtúnṣe fún ìyá mi lórí bó ṣe ń tẹ ẹ̀bà. Nígbà tí Màmá padà, ìyá mi ló kọ́kọ́ yọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá bẹ̀ mí: bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, kí ọkùnrin náà wúkọ́ kí egungun náà sì jáde. Mo ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n pépà wọ́n, atẹ̀wé ti ilẹ̀kùn, ìwé náà ò sì tún jáde mọ́. Ọkùnrin inú ìwé wà ní òkú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Ọ̀gá ń fi ikú náà yangàn. Bí àlejò bá dé, á na ọwọ́ sí mi: "Ẹni tó pa mí nìyẹn," inú rẹ̀ á sì dùn pé wọ́n bèèrè bó ṣe jẹ́.

Àlùfáà gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wa, torí pé àwọn ọkọ kan ti wá rojọ́ pé ilé àwọn ò rójú mọ́. Màmá ṣí ilé obì rẹ̀ fún wa. A ń kàwé láàárín agbọ̀n, ewé obì ń rọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìwé mi ṣe ìwé kíkà wa. A nawọ́ sókè láti dìbò, mo sì fìdí rẹmi.

"Ìwàásù pọ̀ nínú ẹ̀," ni alágbàpo wí. "Obìnrin inú ẹ̀ sì ń sunkún jù. Kí ló ń sunkún sí? Ṣé kò ní ọ̀rẹ́ ni?"

"Kò jẹun kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin," ni ìyàwó ọlọ́pàá fi kún un. "Mo ṣọ́ ọ."

Mo gbèjà ara mi. Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti yìn ín. Wọ́n ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n máa kà á nígbà náà. Alágbàpo wá yí agbọ̀n kan dojú dé, ó jókòó lé e, ó ní kí n mú bírò. Òmíràn tí mo bá máa kọ, àwọn fẹ́ obìnrin kan tó sanra, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ṣágámù lọ sókè Ọya, tó ní ẹnu, tí ọkọ ń bẹ̀ kó tó wọlé.

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí i?" ni mo bèèrè.

"Ìwọ lo lọ kọ́ àlọ́," ni Màmá wí, ó ń bó obì lọ. "Kọ̀wé."